Láti bárékè dé àga adájọ́: ọ̀nà tí ṣọ́jà tó kàwé òfin ń gbà di adájọ́ ní Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ 5, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024, nígbà tí ojú gbogbo ayé wà lára Donald Trump àti Kamala Harris, àwọn ará ìpínlẹ̀ North Carolina tún ní ìpinnu mìíràn láti ṣe. Adájọ́ ni wọ́n ń yàn. Ọ̀kan nínú àga méje tó wà ní ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ìpínlẹ̀ wọn ni àwọn méjì ń du. Ẹni tó wà lórí àga náà ni Allison Riggs ti ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat, agbẹjọ́rò tó fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò kí Gómìnà Roy Cooper tó yàn án sípò ní 2023. Ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni Jefferson Griffin ti ẹgbẹ́ Republican. Griffin ti ṣe agbẹjọ́rò ìjọba rí, ó ti ṣe adájọ́ kóòtù kékeré ní káúntì Wake, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìpínlẹ̀ náà ló sì wà nígbà tó jáde. Ṣọ́jà ni pẹ̀lú. Nínú National Guard, ìyẹn àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń pè nígbà tí iṣẹ́ bá dé, ẹ̀ka àwọn agbẹjọ́rò ológun ló wà, captain sì ni ipò rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún ààbọ̀ tán, Riggs fi ìbò 734 ṣíwájú. Wọ́n tún un kà lẹ́ẹ̀mejì, Riggs náà ló ṣì ń ṣíwájú. Griffin kò gbà. Ó ní kí wọ́n yọ ìbò tó lé ní 65,000 kúrò nínú àpapọ̀. Lára àwọn ìbò tó ní kí wọ́n yọ ni ti àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà àti ẹbí wọn tó wà lókè òkun.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi jókòó kọ èyí. Àwọn ọmọ wa tó ń wọṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ọ̀kan kì í ṣe méjì mọ́, àwọn tó sì ń kàwé òfin lẹ́yìn tí wọ́n bá bọ́ aṣọ ológun náà ń pọ̀ sí i. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sọ fún àwọn òbí rẹ̀ nílé pé òun fẹ́ dupò adájọ́, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè ni pé: ṣé ìbò ni wọ́n fi ń di adájọ́ ni? Ìbéèrè kejì le jù ú lọ, òun náà ló sì jẹ mí lógún: kí ni iṣẹ́ ológun ń fi kún ẹni tó fẹ́ máa dájọ́ fún ọmọ ẹlòmíràn?

Ẹ jẹ́ ká ti orí ìbò bẹ̀rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá ti ṣe agbẹjọ́rò fún ọdún mẹ́wàá ló lè di adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀. Àjọ NJC, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́, ni yóò dábàá orúkọ rẹ̀, gómìnà ni yóò sì yàn án. Kò sí pósítà, kò sí ìpolongo. Bí òṣèlú bá wà níbẹ̀, abẹ́lẹ̀ ló wà. Ní Amẹ́ríkà, àwọn adájọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ètò wọn jọ èyí: ààrẹ ni yóò yan ẹni náà, àwọn Sẹ́nétọ̀ ni yóò fọwọ́ sí i, yóò sì wà níbẹ̀ títí ayé rẹ̀ bó bá wù ú. Ṣùgbọ́n àwọn kóòtù ìpínlẹ̀ ló ń gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ tó kan aráàlú, láti orí ìkọ̀sílẹ̀ dé orí ìpànìyàn, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìlànà tirẹ̀. Mississippi ló kọ́kọ́ pinnu ní 1832 pé ìbò ni wọn yóò máa fi yan gbogbo adájọ́ wọn. Ìrònú wọn nígbà náà ni pé bí gómìnà àti àwọn aṣòfin bá ń yan adájọ́, ti àwọn ọlọ́lá ni adájọ́ yóò máa ṣe. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tẹ̀ lé wọn. Lónìí, ìpínlẹ̀ tó lé ní 35 ló ń lo ìbò lọ́nà kan tàbí òmíràn. Àwọn kan ń kọ orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ adájọ́ lórí ìwé ìbò, àwọn kan kì í kọ ọ́. Missouri yan ọ̀nà àárín ní 1940: ìgbìmọ̀ kan yóò ṣa orúkọ díẹ̀ jọ, gómìnà yóò mú ọ̀kan, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni aráàlú yóò wá dìbò bóyá kó dúró tàbí kó lọ.

North Carolina fúnra rẹ̀ ti yí ìlànà rẹ̀ padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní 2002, wọ́n ṣòfin pé kí wọ́n yọ orúkọ ẹgbẹ́ kúrò nínú ìdìbò àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn àti ti ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ, kí ìjọba sì máa fún àwọn olùdíje lówó ìpolongo kí wọ́n má baà máa tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní 2013, wọ́n fagi lé owó yẹn. Kò pẹ́ sí i, orúkọ ẹgbẹ́ padà sórí ìwé ìbò. Ètò tí Griffin àti Riggs bá nílẹ̀ nìyẹn: adájọ́ ní ẹgbẹ́, adájọ́ ń wá owó, sáà rẹ̀ sì jẹ́ ọdún mẹ́jọ.

Ẹ wá wo ọ̀nà tí ṣọ́jà ń gbà débẹ̀.

Oríṣi méjì ló wà nínú àwọn tí pósítà ń pè ní ológun àti agbẹjọ́rò, ó sì yẹ kí olùdìbò mọ ìyàtọ̀ wọn. Ọ̀kan ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣe ṣọ́jà lásán, tó gbé ìbọn, tó wa ọkọ̀ ogun tàbí tó tọ́jú aláìsàn nínú ogun, tó wá padà sílé lọ kàwé òfin. Èkejì ni ẹni tó kàwé òfin tán kó tó wọṣẹ́ ológun, tó sì jẹ́ pé iṣẹ́ agbẹjọ́rò gan-an ló ṣe níbẹ̀. JAG ni wọ́n ń pe ẹ̀ka àwọn wọ̀nyí. Ẹ̀ka náà ti pẹ́ ju orílẹ̀-èdè náà lọ: ní oṣù Keje ọdún 1775, kí Amẹ́ríkà tó kéde òmìnira, ni George Washington ti ní agbẹjọ́rò nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀, William Tudor lorúkọ rẹ̀. Ní Charlottesville, ìpínlẹ̀ Virginia, ni àwọn agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ ti ń kọ́ṣẹ́ lónìí. Wọ́n ń bá ṣọ́jà kọ ìwé ìhágún kó tó lọ sójú ogun, wọ́n ń gba ọ̀gá nímọ̀ràn lórí ohun tí òfin ogun gbà àti ohun tí kò gbà, wọ́n ń pe ẹjọ́, wọ́n sì ń gbèjà olùjẹ́jọ́ ní ilé-ẹjọ́ ológun. Ẹni tó bá dáńgájíá lára wọn lè di adájọ́ nínú aṣọ ológun gan-an. Ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò tó wà ní iléeṣẹ́ ńlá lè lo ọdún pípẹ́ kó tó dá nìkan dúró níwájú adájọ́, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ológun tètè máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìrírí yẹn sì ṣeyebíye.

Fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ṣọ́jà lásán, owó ilé-ìwé ni ìlẹ̀kùn ńlá. Òfin tí gbogbo ayé mọ̀ sí GI Bill, tí Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí ní 1944, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ pé kí ìjọba rán ẹni tó ti ogun dé padà sí ilé-ìwé. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí ni ti 2008, oṣù 36 ni owó tó wà nínú rẹ̀ sì máa ń tó. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí àwọn ọmọ wa fi sọ́kàn wà níbẹ̀: ẹni tó bá ná gbogbo rẹ̀ sórí digíírì àkọ́kọ́ kò ní rí i lò fún ilé-ẹ̀kọ́ òfin, ilé-ẹ̀kọ́ òfin sì wọ́n gan-an. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta níbẹ̀ ni ìdánwò tó ń sọni di agbẹjọ́rò tó dé. Àwọn tó ti kàwé òfin ní Nàìjíríà kí wọ́n tó lọ kò nílò láti bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ níbi gbogbo. New York àti California wà lára ìpínlẹ̀ tó ń jẹ́ kí agbẹjọ́rò láti òkè òkun jókòó ìdánwò náà, bí ìwé rẹ̀ bá bá ìlànà wọn mu.

Èdè wa pàápàá ti ṣílẹ̀kùn fún àwọn kan rí. Ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ètò kan tó ń jẹ́ MAVNI, tí wọ́n fi ń gba àjèjì tí kò tíì ní green card sínú iṣẹ́ ológun, tí wọ́n sì ń tètè sọ ọ́ di ọmọ onílẹ̀, bó bá jẹ́ oníṣègùn tàbí bó bá gbọ́ èdè tí wọ́n nílò. Yorùbá wà lára àwọn èdè náà, pẹ̀lú Haúsá àti Ìgbò. Wọ́n dá gbígba ènìyàn sínú ètò náà dúró ní 2016. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gba ibẹ̀ wọlé ti di ọmọ Amẹ́ríkà lónìí, kò sì sí ohun kan nínú ìwé òfin ilẹ̀ náà tó ní kí ẹni tí wọ́n bí sí Ọ̀ṣogbo tàbí Abẹ́òkúta má di adájọ́ àpapọ̀. Ààrẹ àti igbákejì rẹ̀ nìkan ni wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn.

Ipò tí ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bá ara rẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò kì í ní ògo kankan. Ọ̀pọ̀ a di agbẹjọ́rò ìjọba ní káúntì, tí yóò máa pe ẹjọ́ olè àti ti ìwakọ̀ nínú ọtí láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn kan a máa gbèjà tálákà tí kò lówó agbẹjọ́rò. Ọdún tí ìpínlẹ̀ ń béèrè yàtọ̀ síra. Ní Texas, láti ìgbà tí àwọn ará ìpínlẹ̀ náà ti dìbò yí ìwé òfin wọn padà ní 2021, ọdún mẹ́jọ lẹ́nu iṣẹ́ ni ẹni tó fẹ́ ṣe adájọ́ ilé-ẹjọ́ district gbọ́dọ̀ ní. Mẹ́rin péré ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Èmi gbà pé ibi tó yẹ kí olùdìbò máa wò nìyí, ju fọ́tò inú aṣọ ológun lọ. Báwo ló ṣe ń bá ẹni tó wọ pańpẹ́ lọ́wọ́ sọ̀rọ̀? Ṣé ó máa ń ka fáìlì kó tó dé kóòtù? Àwọn akọ̀wé kóòtù àti àwọn agbẹjọ́rò tó ti bá a jà mọ ìdáhùn, ohun tí wọ́n bá sọ sì yẹ ní gbígbọ́.

Nípa fọ́tò yẹn, òfin wà. Ṣọ́jà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ kò lè dupò ìjọba. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì tàbí tó wà lára àwọn tí wọ́n ń pè nígbà tí iṣẹ́ bá dé lè dupò, ó lè sọ ipò tó dé, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ hàn kedere pé ó ti fẹ̀yìn tì tàbí pé kì í ṣe ojoojúmọ́ ló wà níbẹ̀. Bó bá lo fọ́tò inú yúnífọ́ọ̀mù, kò gbọdọ̀ fi ṣe àwòrán ńlá tó gbé ìpolongo rẹ̀ ró, ó sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé iléeṣẹ́ ètò ààbò kò ti òun lẹ́yìn. Òfin yìí dára. Gbogbo aráàlú ló ni aṣọ náà, kì í ṣe ti olùdíje kan.

Ṣùgbọ́n n kò ní sọ pé iṣẹ́ ológun kò já mọ́ nǹkan lórí àga adájọ́. Ó já mọ́ ọn, pàápàá nígbà tí olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ bá ti ogun dé. Ní Buffalo, ìpínlẹ̀ New York, Adájọ́ Robert Russell rí ọkùnrin kan níwájú rẹ̀ tó ti ja ogun Vietnam. Gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi í, kò dáhùn, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Adájọ́ náà bẹ àwọn òṣìṣẹ́ méjì tó wà ní kóòtù, tí àwọn náà ti lọ Vietnam, pé kí wọ́n mú un jáde lọ bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, ọkùnrin náà na ara rẹ̀ bí ṣọ́jà níwájú ọ̀gá, ó wo adájọ́ lójú, ó ní òun yóò tiraka sí i. Nínú irú nǹkan báyìí ni ilé-ẹjọ́ pàtàkì fún àwọn ológun àtijọ́ ti jáde ní 2008. Ẹni tó ṣẹ̀ kò ní kàn wọ ẹ̀wọ̀n: wọn yóò tọ́jú ọpọlọ rẹ̀, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ ọtí tàbí oògùn olóró, wọn yóò fi ológun àtijọ́ mìíràn tì í lẹ́yìn, adájọ́ yóò sì máa pè é wá jíhìn. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú kóòtù bẹ́ẹ̀ ló wà káàkiri Amẹ́ríkà báyìí.

Ní 2009, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní gbogbo Amẹ́ríkà sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà lórí ẹjọ́ George Porter. Wọ́n ti dájọ́ ikú fún un ní Florida. Ó jà nínú ogun Korea níbi tó le jùlọ, ó fara gbọgbẹ́, ó sì padà sílé pẹ̀lú ọkàn tó ti dàrú. Agbẹjọ́rò rẹ̀ kò sọ ọ̀kankan nínú rẹ̀ fún ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́. Gbogbo àwọn adájọ́ náà panu pọ̀ pé àṣìṣe ńlá nìyẹn, pé ó ti pẹ́ tí orílẹ̀-èdè àwọn ti máa ń ṣàánú ẹni tó ti jà fún un. Adájọ́ tó ti wọ bàtà ogun rí lè tètè béèrè ohun tí agbẹjọ́rò náà kò sọ. Àǹfààní tòótọ́ ni.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí ọ̀nà yìí lè gbé ènìyàn dé, ẹ wo ìgbésí ayé Damon Keith. Detroit ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 4, oṣù Keje, ọdún 1922. Bó ṣe parí yunifásítì ní 1943 ni wọ́n mú un wọṣẹ́ ológun. Lásìkò yẹn, wọ́n ya àwọn ṣọ́jà aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ẹrù àti iṣẹ́ ìdáná ni wọ́n sì ń kó lé ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́. Nílé níbẹ̀, àwọn ọmọ ogun Jámánì tí wọ́n mú lẹ́rú ń jẹun ní ilé oúnjẹ tí wọn kò gbà kí ṣọ́jà dúdú wọ̀. Keith padà dé, ó lọ sí Howard, yunifásítì àwọn aláwọ̀ dúdú ní Washington, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ òfin jáde ní 1949. Kò ríṣẹ́. Ó ń fọ ilẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní Detroit, ó sì ń yọ́ kàwé fún ìdánwò àwọn agbẹjọ́rò. Oníròyìn funfun kan bá a nídìí ìwé, ó bi í léèrè ohun tó fẹ́ dà. Ó ní agbẹjọ́rò. Ọkùnrin náà ní agbẹjọ́rò dúdú kẹ̀, kó yáa máa fọlẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ní 1967, Ààrẹ Lyndon Johnson yàn án ṣe adájọ́ àpapọ̀. Ní 1971, ẹjọ́ àwọn kan tí wọ́n fẹ̀sùn ìbúgbàù kàn dé iwájú rẹ̀, ó sì hàn pé ìjọba Richard Nixon ti ń tẹ́tí sí fóònù láìgba àṣẹ adájọ́ kankan. Ìjọba ní ọ̀rọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè ni, kò kan kóòtù. Keith ní ó kàn án. Ìjọba pe òun fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́ láti yí ìdájọ́ náà padà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1972, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ tì í lẹ́yìn, mẹ́jọ sí òdo. Ààrẹ Jimmy Carter gbé e ga sí kòtẹ́milọ́rùn ní 1977. Ní 2002, lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, ìjọba George Bush ń gbọ́ ẹjọ́ lílé àwọn àjèjì kan kúrò nílùú ní ìkọ̀kọ̀. Keith, ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà náà, kọ ọ́ sínú ìdájọ́ rẹ̀ pé ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì ni ìjọba àwa-ara-wa ti máa ń kú. Ó kú ní 2019, ẹni ọdún 96.

Ọkùnrin yìí mọ ohun tí àṣẹ jẹ́; ó ti gbàṣẹ rí nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí kò kà á sí ènìyàn. Nígbà tí ìjọba wá sọ fún un pé àṣẹ àwọn ga ju òfin lọ, kò gbà. Ohun tí mo ń wá lára ológun tó bá fẹ́ jókòó dájọ́ nìyẹn.

Àwa Yorùbá ní ìdí tiwa láti máa bẹ̀rù kí ọ̀rọ̀ ológun àti ọ̀rọ̀ adájọ́ pàdé. Ní Ìbàdàn àtijọ́, àwọn olóyè ogun ló ń ṣèlú, àwọn náà ló sì ń gbẹ́jọ́ ní agbo ilé wọn, a kò rí i bí ohun àjèjì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ayé ìjọba ológun ló yí i padà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1970, lórí ẹjọ́ tí Lakanmi àti Kikelomo Ola pe agbẹjọ́rò àgbà Western State nítorí dúkìá wọn tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà lábẹ́ Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá dájọ́ pé òfin tí ìjọba gùn lé kò dúró. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn ológun gbé Dìkírì 28 jáde, wọ́n ní kò sí kóòtù tó lè yẹ àṣẹ àwọn wò, ìdájọ́ náà sì di asán. Ní 1984, àwọn ṣọ́jà fúnra wọn ló ṣe alága àwọn ìgbìmọ̀ tó dájọ́ fún àwọn olóṣèlú, tí ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò sì kọ̀ láti yọjú síbẹ̀. Ẹni tó bá rántí èyí yóò mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tó bọ́ aṣọ ológun kó tó wọ ti adájọ́ yàtọ̀ pátápátá sí ẹni tó fi ìbọn gorí àga.

Owó náà wà níbẹ̀ tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Ní West Virginia, ọ̀gá iléeṣẹ́ kan tó ń wa èédú ná nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là láti ran ẹnìkan lọ́wọ́ dé orí àga adájọ́ ní 2004, nígbà tí ẹjọ́ àádọ́ta mílíọ̀nù dọ́là iléeṣẹ́ náà ń bọ̀ níwájú kóòtù kan náà. Adájọ́ tuntun náà kọ̀ láti yẹra fún ẹjọ́ yẹn, iléeṣẹ́ náà sì jàre. Ní 2009 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà sọ pé ó yẹ kó yẹra. Síbẹ̀ owó kò dínkù: ìdìbò adájọ́ kan ṣoṣo ní Wisconsin, ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, tí Susan Crawford borí Brad Schimel, owó tí wọ́n ná lé e lórí kọjá ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là. Ṣọ́jà tí kò ní olówó lẹ́yìn, kí ni yóò fi bá irú èyí dù ú?

Ẹ jẹ́ ká padà sí North Carolina. Nínú ìbò tí Griffin takò, èyí tó pọ̀ jù, nǹkan bí 60,000, jẹ́ ti àwọn tí nọ́ńbà ìwé ìwakọ̀ tàbí ti Social Security wọn, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ń fúnni, kò sí nínú àkọsílẹ̀ ìforúkọsílẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí ìpínlẹ̀ náà lò fún ọdún púpọ̀ kò jẹ́ kó hàn pé dandan ni kí wọ́n kọ ọ́. Bàbá àti ìyá Riggs fúnra rẹ̀ wà nínú wọn. Àwọn mìíràn kò tó 300, ọmọ ará North Carolina tí wọ́n wà lókè òkun tí wọn kò gbé ìpínlẹ̀ náà rí. Àárín méjèèjì ni ti àwọn ṣọ́jà àti ará ìlú tó wà lókè òkun, tó lé ní 5,000, láti káúntì díẹ̀ tí ẹgbẹ́ Democrat ti lágbára. Ohun tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọn kò fi ẹ̀dà káàdì onífọ́tò sínú àpòòwé ìbò. Àjọ elétò ìdìbò ló ti sọ fún wọn kí wọ́n tó dìbò pé wọn kò nílò rẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò Griffin ní àjọ náà ló ṣe ohun tí òfin ìpínlẹ̀ kò gbà, pé gbogbo olùdìbò ni òfin káàdì dè. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ wà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n Griffin fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀nà àwọn ológun yẹn dìbò rí nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ National Guard.

Fún oṣù mẹ́fà ni ẹjọ́ náà ń ti kóòtù kan bọ́ sí òmíràn. Adájọ́ káúntì Wake ní Griffin kò jàre. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹrin, ọdún 2025, kòtẹ́milọ́rùn, níbi tí Griffin fúnra rẹ̀ ti jẹ́ adájọ́, fi méjì sí ọ̀kan sọ pé ó jàre, pé kí àwọn olùdìbò náà wá ṣàtúnṣe láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 15. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ìpínlẹ̀ náà ní kí wọ́n fi àwọn 60,000 sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí àwọn tó wà lókè òkun fi káàdì wọn ránṣẹ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Richard Dietz, Republican bíi Griffin, takò àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kò tọ́ láti yí ìlànà ìdìbò padà lẹ́yìn tí ìbò ti wáyé. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn ṣọ́jà wọ̀nyẹn kò sí ní kóòtù nígbà tí wọ́n ń dá ẹjọ́ ìbò wọn, ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹjọ́ wà.

Adájọ́ àpapọ̀ Richard Myers, tí Trump yàn, ló parí rẹ̀. Ní ọjọ́ 5, oṣù Karùn-ún, ó ní ìwé òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí ìpínlẹ̀ yí òfin eré padà lẹ́yìn tí eré ti parí, pé kí wọ́n ka gbogbo ìbò náà. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, Griffin gbà, ó ní òun kò ní pẹjọ́ mọ́, ó kí Riggs kú oríire. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n búra fún Riggs. Mo ka ìyẹn sí rere fún Griffin. Kì í ṣe gbogbo olóṣèlú ló ń mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dákẹ́. Ṣùgbọ́n mo gbà pé agbẹjọ́rò tó wà nínú iṣẹ́ ológun ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ pé kò yẹ kí ẹni tí wọ́n rán lọ sókè òkun pàdánù ìbò rẹ̀ nítorí pé ó ṣe ohun tí ìjọba ní kó ṣe. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní kòtẹ́milọ́rùn, níbi tí sáà rẹ̀ yóò parí sí ní òpin 2028.

Ìdájọ́ Myers kan ìdìbò 2024 nìkan. Ìtumọ̀ tí àwọn kóòtù ìpínlẹ̀ fún òfin káàdì onífọ́tò ṣì wà nílẹ̀ fún àwọn ìdìbò tó tẹ̀ lé e, títí kan ti oṣù Kọkànlá ọdún 2026, tí àga Anita Earls, adájọ́ mìíràn ní ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ìpínlẹ̀ náà, wà nínú rẹ̀. Fort Bragg, ọ̀kan lára bárékè tó tóbi jùlọ ní Amẹ́ríkà, wà ní North Carolina, ọmọ Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí àbúrò tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò níbẹ̀, ẹ sọ fún un kó yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ náà, kó rí i pé nọ́ńbà ìwé ìwakọ̀ tàbí ti Social Security rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì rán an lọ sókè òkun, kó fi ẹ̀dà káàdì rẹ̀ sínú àpòòwé ìbò kó tó lẹ̀ ẹ́.